Ẹ̀gẹ́ àti Èpò: Ibo ni Wọ́n ti Wá sí Oko Wa?

  

Ìtàn ni a fẹ́ sọ fún yín ní òní. Kì í ṣe ìtàn ọba. Ìtàn ẹ̀gẹ́ ni, àti ìtàn èpò tí ó ń bá a jà nínú oko. Àwọn kan ń pe ẹ̀gẹ́ ní gbágùúdá, àwọn mìíràn ń pè é ní pákí. Ohun kan náà ni.

Ẹ lè béèrè pé: ṣé èpò náà ní ìtàn ni? Bẹ́ẹ̀ ni, ó ní. Nínú àwọn èpò tí ẹ ń ro lónìí, àwọn kan wà tí àwọn bàbá ńlá yín kò fi ojú rí rí. Bí ẹ bá mọ ọ̀nà tí olè gbà wọ ilé, ẹ óò mọ ibi tí ẹ óò dí.

1. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa

Ní àtijọ́, iṣu, ọkà bàbà àti ẹ̀wà ni àwọn baba wa ń gbìn. Kò sí ẹ̀gẹ́. Kò sí àgbàdo pẹ̀lú. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì ti wá. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Bùràsíìlì àti ní àyíká rẹ̀ ti ń gbin ẹ̀gẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àwọn òyìnbó Potogí ni wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé ẹ̀gẹ́ wá sí etí òkun Áfíríkà, láàrin ọdún 1500 sí 1600. Apá Kóńgò ni ó kọ́kọ́ ti gbilẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ó pẹ́ kí ó tó di oúnjẹ gbogbo ènìyàn. Kí ló fà á? Oró wà nínú ẹ̀gẹ́, pàápàá nínú èyí tí ó korò. Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń yọ oró náà kò lè fi ṣe oúnjẹ òòjọ́.

Àwọn tí wọ́n mú ọgbọ́n náà wá ni àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì. Ní 1835, àwọn ẹrú àti àwọn tí wọ́n ti gba òmìnira dìde ní Bàhíà. Yorùbá tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn. Ìjọba ṣẹ́gun wọn, ó sì lé àwọn kan padà sí Áfíríkà. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ mìíràn fi owó ara wọn san ọkọ̀, wọ́n padà wá sí Àjàṣẹ́, sí Wídà, sí Àgúè àti sí Èkó. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Ìdílé wọn ṣì wà ní Àjàṣẹ́ títí di òní, ẹ sì mọ ilé wọn.

Ní Bùràsíìlì, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí a yan ni oúnjẹ àwọn ẹrú. Wọ́n mọ bí a ti ń rin ẹ̀gẹ́, bí a ti ń fún omi olóró rẹ̀ dànù, àti bí a ti ń yan án lórí iná. Ọgbọ́n yìí ran gàrí lọ́wọ́ láti tàn ká ilẹ̀ wa. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń rẹ gàrí, ẹ rántí pé inú ìyà ni àwọn ènìyàn wa ti kọ́ ọ.

2. Ilẹ̀ tí ó sinmi ń ro ara rẹ̀

Báwo ni àwọn baba wa ṣe ń bá èpò jà kí ẹ̀gẹ́ tó dé? Wọ́n ní ọkọ́, wọ́n ní àdá. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń ṣẹ́gun èpò jù lọ ni ìsinmi ilẹ̀.

Wọ́n á ṣán igbó, wọ́n á dáko síbẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí èpò bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, wọ́n á fi ilẹ̀ náà sílẹ̀, wọ́n á lọ sí ibòmíràn. Igi á hù, ewé rẹ̀ á bo ilẹ̀. Òòrùn kò ní í kan ilẹ̀ mọ́. Èpò tí kò bá rí òòrùn, kíkú ni ó ń kú. Bí wọ́n bá padà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ ti lọ́ràá, èpò ibẹ̀ kò sì pọ̀.

Ẹ̀yin ará Kétu mọ bí igbó ti ń yára gba ilẹ̀. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmè wó Kétu, wọ́n kó àwọn ènìyàn ibẹ̀ lẹ́rú. Ìlú ńlá di ahoro. Nígbà tí àwọn Faransé ti ṣẹ́gun Béhanzin, tí àwọn ará Kétu tí ó kù padà wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó, igbó ni wọ́n bá. Ibi tí ọwọ́ ènìyàn bá ti kúrò, igbó ni yóò gbà á.

Ẹ fi èyí sí ọkàn: ọ̀rọ̀ èpò jẹ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ ènìyàn. Ìtàn tí ó kù yóò fi èyí hàn.

3. Ìgbà tí ọwọ́ dín lóko

Ìjọba Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí ní Dàhòmè ní 1899. Wọ́n tún ń fi ipá mú àwọn ọkùnrin láti la ọ̀nà, láti ru ẹrù, láti ṣe ojú irin. Bí iṣẹ́ tipátipá náà bá bọ́ sí ìgbà òjò, ta ni yóò ro oko? Àwọn obìnrin, àwọn ọmọdé àti àwọn arúgbó ni. Nítorí owó orí àti iṣẹ́ tipátipá, ọ̀pọ̀ ará Kétu àti Ọ̀họ̀rí sá kọjá ààlà lọ sí Nàìjíríà. Ní 1946 ni òfin fi òpin sí iṣẹ́ tipátipá ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń jọba lé lórí.

Ní 1918, àjàkálẹ̀ àrùn kan tún jà ká gbogbo ayé. Àrùn náà dàbí ọ̀fìnkìn, ṣùgbọ́n ó ń pa ènìyàn. Ní ìsàlẹ̀ Odò Ọya, ní ilẹ̀ Ìgbò, àwọn tí ó kú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò tó láti gbin iṣu mọ́. Iṣu ń fẹ́ ebè ńlá, ó ń fẹ́ ọ̀pá, ó sì ń fẹ́ kí a máa ro ó dáadáa. Àwọn tí ó kù yíjú sí ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ ṣeé gbìn pẹ̀lú ọwọ́ díẹ̀. Ó ṣeé fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀ títí ebi yóò fi dé.

Báyìí ni ẹ̀gẹ́ ṣe di ọ̀rẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni irọ́ kan ti wọlé. Àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé: “Ẹ̀gẹ́ kò fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ro àgbàdo, kí á ro ẹ̀pà, kí á ro òwú. Ẹ̀gẹ́ á tọ́jú ara rẹ̀.” Irọ́ yìí ṣì ń pa wá lára títí di òní. A óò padà sórí rẹ̀.

4. Ẹ̀kan, ọ̀tá àtijọ́

Ẹ̀kan kì í ṣe àlejò. Ó ti wà pẹ̀lú wa tipẹ́, àwọn baba wa sì ń fi í bo orí ilé. Kí ló wá sọ ọ́ di ọ̀tá? Àwa ni. Ènìyàn pọ̀ sí i, ilẹ̀ kò pọ̀ sí i. Ibi tí ilẹ̀ ti ń sinmi fún ọdún mẹ́wàá, ó wá ń sinmi fún ọdún méjì. Ní ibòmíràn kò sinmi rárá. Igi kò rí àyè hù. Iná ẹ̀ẹ̀rùn ń jó pápá lọ́dọọdún. Ẹ̀kan fẹ́ràn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Agbára ẹ̀kan wà nínú ilẹ̀. Iná jó ewé rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ kò kú. Ọkọ́ gé gbòǹgbò rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, èyí tí ó ní ojú nínú wọn tún lè hù. Ẹnu gbòǹgbò náà mú bí abẹ́rẹ́. Ó lè gún iṣu ẹ̀gẹ́ wọ inú, ibi tí ó gún á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ̀kan gbẹ, iná ràn mọ́ ọn, ó sì jó ẹ̀gẹ́ pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kan ní àìlera kan: kò lè fara da òjìji. Ẹ rántí ohun tí a sọ nípa ìsinmi ilẹ̀.

5. Akíntọ́lá, àlejò tí ó takú

Èpò kejì jẹ́ àlejò. Ó ga, ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀, ewé rẹ̀ ń rùn bí a bá fi ọwọ́ rún un. Ní ìgbà ọyẹ́ ni òdòdó rẹ̀ ń yọ, tí irúgbìn rẹ̀ sì ń fò nínú afẹ́fẹ́ bí òwú. Ẹ̀ ń fún omi ewé rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Amẹ́ríkà ni èpò yìí ti wá, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni ó gbà. Àwọn òyìnbó ti kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilẹ̀ Éṣíà. Ní ìparí àwọn ọdún 1930, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó irúgbìn igi mẹ̀línà láti erékùṣù Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka báyìí, wá sí ìlà-oòrùn Nàìjíríà láti gbìn sínú igbó ọba. Irúgbìn èpò náà bá a wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Láti ibẹ̀ ó ń rìn bọ̀ ní ọdọọdún, ní etí títì, lára aṣọ ènìyàn, lórí afẹ́fẹ́.

Ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1960. Ní 1962, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ nínú ìjọba ibẹ̀. Wọ́n ní kí Olóyè S. L. Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn, fi ipò sílẹ̀. Ó takú, kò lọ. Àwọn àgbẹ̀ wo èpò tí a ń ro tí kò lọ, wọ́n sọ ọ́ ní “Akíntọ́lá takú”. Àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn Akíntọ́lá náà fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè é!

Ẹ má rò pé Yorùbá nìkan ni ó ṣe èyí. Ní Gánà, wọ́n pè é ní Acheampong, orúkọ ọ̀gágun tí ó ṣe ìjọba láti 1972 sí 1978. Ní Kodifuá, wọ́n pè é ní Sékou Touré. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí èpò náà dé, àwọn ènìyàn fi orúkọ alágbára sọ ọ́. Kí àwọn ọdún 1980 tó parí, ó ti gbilẹ̀ ní gúúsù Benin.

Ṣé ọ̀tá pátápátá ni? Rárá. Ewé rẹ̀ ń bo ilẹ̀, ó sì ń ṣíji bo ẹ̀kan títí ẹ̀kan á fi kú. Ewé rẹ̀ tí ó bá rà ń fún ilẹ̀ ní ọ̀rá. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ yàn án ju ẹ̀kan lọ, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ rọrùn láti wú. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ láàrin ẹ̀gẹ́ kékeré, yóò bò ó mọ́lẹ̀. Òdòdó rẹ̀ sì ń fa tata mọ́ra, tata yẹn náà ni ó ń jẹ ewé àti èèpo ẹ̀gẹ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

6. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ Mono rí

Ní 1987, àwọn oníṣẹ́ ìwádìí bá àwọn àgbẹ̀ kan ṣiṣẹ́ ní agbègbè Mono, ní gúúsù Benin. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti rẹ̀. Wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ ní irúgbìn kan tí ń jẹ́ mucuna. Ìbátan yèrèpè ni, ṣùgbọ́n òun kò ní irun tí ń yún ara. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ìwádìí ń wá ni bí ilẹ̀ yóò ṣe lọ́ràá.

Ohun mìíràn ni ojú àwọn àgbẹ̀ rí. Wọ́n rí i pé ibi tí mucuna bá fà bò, ẹ̀kan ń kú níbẹ̀. Inú wọn dùn sí èyí ju ọ̀rá ilẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà tàn láti ẹnu àgbẹ̀ sí etí àgbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba sì gbé e kiri. Ní àwọn ọdún 1990, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ ni wọ́n gbìn ín.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: òjìji ni ó pa ẹ̀kan. Ìsinmi ilẹ̀ àwọn baba wa ni mucuna ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é láàrin oṣù díẹ̀.

Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ fi jáwọ́? Ìdí rẹ̀ hàn. Irúgbìn mucuna kì í ṣe oúnjẹ ènìyàn. Oró wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ ẹ́. Nígbà tí àwọn tí ń rà á kò rà á mọ́, àwọn àgbẹ̀ kò rí owó nínú rẹ̀. Ẹni tí ó yá ilẹ̀ dáko náà kò fẹ́ fi ìgbà òjò kan tọ́jú ilẹ̀ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, fún ẹni tí ẹ̀kan ti gba oko rẹ̀ tí ilẹ̀ náà sì jẹ́ tirẹ̀, ọgbọ́n yìí ṣì dára. Ẹ ṣán ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí ẹ gbin mucuna, kí ẹ jẹ́ kí ó bo ilẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ gbin ẹ̀gẹ́. Ẹ má gbin wọn pọ̀, nítorí mucuna yóò gun ẹ̀gẹ́.

7. Oògùn apaèpò

Àwọn kan yóò sọ pé: “Olùkọ́, kí ni a ń wá kiri? Oògùn wà lọ́jà.” Òtítọ́ ni. Ní 1974 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn tí ń jẹ́ glyphosate ní Amẹ́ríkà. Ó ń wọ inú ẹ̀kan lọ dé gbòǹgbò. Ní òní ó wà ní ọ̀pọ̀ ọjà wa.

Ṣùgbọ́n kò mọ ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí èpò. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé e kan ewé ẹ̀gẹ́, yóò ba ẹ̀gẹ́ náà jẹ́. Ní 2015, ẹ̀ka tí ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó máa fa àrùn náà. Àwọn àjọ kan ní ilẹ̀ òyìnbó kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń jiyàn, kí àgbẹ̀ ṣọ́ra. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ lò ó kí ẹ tó gbin ẹ̀gẹ́. Ẹ bo imú àti ọwọ́. Ẹ má ra èyí tí kò ní ìwé lára, ẹ sì ka ìwé náà, nítorí ẹ ti mọ ìwé kà báyìí. Ẹ má ṣe fi ìgò rẹ̀ bu omi mímu tàbí epo láéláé. Ọmọdé kò mọ ìyàtọ̀.

8. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí irọ́ tí a mẹ́nu bà, pé ẹ̀gẹ́ kò fẹ́ ìtọ́jú.

Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti gba irọ́ náà gbọ́ rí. Ní ọdún kan, mo gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n sì pè mí lọ sí ibi ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Mo ní nígbà tí mo bá dé, n óò ro ó. Oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó padà. Mo ro oko náà mọ́ tónítóní. Aládùúgbò mi ti gbin tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, lára igi ẹ̀gẹ́ kan náà. Nígbà tí a wú u lẹ́yìn ọdún kan, tirẹ̀ kún apẹ̀rẹ̀. Tèmi rí bí ìka ọwọ́. Ìyá mi wò ó, ó ní: “Èpò kò mọ̀ pé olùkọ́ ni ọ́.”

Kí ló fà á? Ẹ̀gẹ́ kì í yára dàgbà ní ìbẹ̀rẹ̀. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ewé rẹ̀ kò tíì bo ilẹ̀. Ní ìgbà náà ni èpò ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, ń mu omi rẹ̀, ń gba òòrùn rẹ̀. Ìgbà náà sì ni ẹ̀gẹ́ ń pinnu iye iṣu tí yóò ta. Bí ẹ bá ro ó lẹ́yìn èyí, igi á dúró, ewé á tutù, ṣùgbọ́n iṣu ti lọ. Oko tí a kò ro rárá lè pàdánù ju ìlàjì èrè rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà wa ní: “Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.”

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí:

Ẹ ro oko ẹ̀gẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4 lẹ́yìn gbígbìn. Ẹ tún ro ó ní ọ̀sẹ̀ 8. Ẹ ro ó lẹ́ẹ̀kẹta ní ọ̀sẹ̀ 12. Lẹ́yìn èyí, ewé ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ yóò máa bo èpò mọ́lẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ó jìnnà sí ara wọn jù. Mítà 1 sí mítà 1 dára. Igi ẹ̀gẹ́ 10,000 ni yóò wà nínú hẹ́kítà 1.

Ẹ gbin ẹ̀gúsí sáàrin rẹ̀, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Ẹ̀gúsí ń fà, ó ń bo ilẹ̀, ó sì ń di oúnjẹ.

Bí ọwọ́ yín kò bá tó, ẹ má nìkan jìyà. Ẹ padà sí àáró. Ènìyàn mẹ́fà tí wọ́n bá ń lọ sí oko ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ro oko mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí àkókò tó kọjá. Ẹ ka oko opó àti oko ìyá ọlọ́mọ mọ́ ọn. Ibi tí àáró kò bá sí, ọmọ tí ó yẹ kí ó wà ní ilé-ìwé ni a óò rí tí ó gbé ọkọ́ tẹ̀lé ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, ìtàn náà dópin. Potogí gbé ẹ̀gẹ́ wá. Àgùdà mú ọgbọ́n gàrí wá. Irúgbìn mẹ̀línà mú Akíntọ́lá wá. Gbogbo wọn wá láti òkèèrè, ṣùgbọ́n ohun tí yóò gba oko là kò ní í ti òkèèrè wá. Òjìji lórí ilẹ̀ ni, àti ọwọ́ tí ó tètè dé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

 

Ìbéèrè fún kíláàsì

1. Láti ilẹ̀ wo ni ẹ̀gẹ́ ti wá? Àwọn wo ni wọ́n gbé e wá?
2. Kí nìdí tí àwọn ènìyàn fi pe èpò kan ní “Akíntọ́lá takú”? Orúkọ wo ni ẹ ń pè é ní abúlé yín?
3. Kí ni ó ń pa ẹ̀kan? Ẹ dárúkọ ohun méjì tí ó lè bo ilẹ̀.
4. Ìgbà mélòó ni ó yẹ kí a ro ẹ̀gẹ́ láàrin oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́? Ẹ kọ ọ̀sẹ̀ wọn sílẹ̀.
5. Ẹ bi àgbà kan léèrè ní ilé: èpò wo ni kò sí ní oko nígbà tí ó wà ní ọmọdé? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.